Àkọsílẹ̀ ìmúni àti àtìmọ́lé ní Amẹ́ríkà

Àkọsílẹ̀ ìmúni àti àtìmọ́lé ní Amẹ́ríkà ni ìwé tí ọlọ́pàá, ilé àtìmọ́lé àti ilé-ẹjọ́ ń kọ nípa ẹni tí wọ́n bá fi àṣẹ ọba mú: orúkọ rẹ̀, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ọjọ́ àti aago tí wọ́n mú un, ibi tí wọ́n fi í sí, àti iye béèlì rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, gbangba ni púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí wà. Ẹnikẹ́ni ló lè béèrè fún wọn láìsọ ìdí tó fi ń béèrè. Àmọ́ kò sí ibì kan tí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ sí. Káúńtì, tó súnmọ́ ohun tí à ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀, lé ní 3,000 ní orílẹ̀-èdè náà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní ilé àtìmọ́lé tirẹ̀ àti ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà pa ìwé mọ́. Nítorí náà, ibi tí wọ́n ti mú ènìyàn ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń wá a gbọ́dọ̀ mọ̀. Ibi tó ń gbé tàbí ibi tí wọ́n bí i sí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Ilé àtìmọ́lé àti ọgbà ẹ̀wọ̀n

Oríṣi ibi méjì ni wọ́n ń fi ènìyàn pamọ́ sí, àkójọ orúkọ wọn kò sì papọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé àtìmọ́lé káúńtì wà lábẹ́ ṣẹ́ríìfù, ẹni tí àwọn ará káúńtì máa ń dìbò yàn. Ibẹ̀ ni àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí ń wà, pẹ̀lú àwọn tí adájọ́ dá ẹ̀wọ̀n tí kì í sábà ju ọdún kan lọ fún. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ní tirẹ̀ jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ tàbí ti ìjọba àpapọ̀, fún àwọn tí ìdájọ́ wọn gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n mú lánàá kì í sí nínú àkójọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń kọ́kọ́ wò, tí wọ́n á sì rò pé ènìyàn wọn ti sọnù.

Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló yàtọ̀: Alaska, Connecticut, Delaware, Hawaii, Rhode Island àti Vermont. Níbẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń darí ọgbà ẹ̀wọ̀n, òun náà ló sì ń darí èyí tó pọ̀ jù nínú àtìmọ́lé. Connecticut kò tilẹ̀ ní ìjọba káúńtì mọ́ láti ọdún 1960.

Ìforúkọsílẹ̀

Bí ọlọ́pàá bá mú ènìyàn dé ilé àtìmọ́lé, wọn kì í kàn tì í mọ́lé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n á gba orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, wọ́n á wọn gíga rẹ̀, wọ́n á ní kó tẹ̀ka, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Alphonse Bertillon, tó ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá ní Paris, ló sọ fọ́tò oníhà méjì yìí di ìlànà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè mìíràn fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ka owó tó wà lápò rẹ̀, wọ́n á gba fóònù àti bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n á bi í bóyá ó ń lo oògùn kankan, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà. Ìdáhùn rẹ̀ nípa àìlera kì í wọ inú ohun tí ará ìta lè rí.

Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹbí gbà sílẹ̀ bí wọ́n bá lè rí i gbà, torí orúkọ àti ọjọ́ ìbí lè jọra. Gbogbo ètò yìí lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, pàápàá lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Títí yóò fi parí, orúkọ ẹni náà lè má jáde níbikíbi.

New York City ni àpẹẹrẹ tó hàn kedere jù. Ọwọ́ ọlọ́pàá ni ẹni tí wọ́n mú ń wà kó tó dé iwájú adájọ́, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí 24. Àkójọ tí ẹ̀ka àtìmọ́lé ìlú náà gbé sórí ayélujára, èyí tó kó àwọn tó wà ní àtìmọ́lé ńlá Rikers Island mọ́ra, kò ní dárúkọ rẹ̀ lásìkò yẹn. Bí adájọ́ bá sì tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ní wọ ibẹ̀ rárá. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 1991, nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Riverside ní California, pé bí wọ́n bá mú ènìyàn láìsí ìwé àṣẹ, ó yẹ kí adájọ́ ti wò ó láàárín wákàtí 48 bóyá ìdí wà tí wọ́n fi mú un.

Ẹ̀sùn tó wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ jẹ́ ti ọlọ́pàá. Agbẹjọ́rò ìjọba lè dín in kù, ó lè yí i padà, ó sì lè má pe ẹjọ́ rárá. Nítorí èyí, ìwé ilé àtìmọ́lé lè sọ pé olè jíjà pẹ̀lú ohun ìjà, kí ti ilé-ẹjọ́ sì sọ ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ilé-ẹjọ́ ló yẹ kí ènìyàn gbà gbọ́ nípa ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Ti ilé àtìmọ́lé kò fi ẹ̀bi ẹnikẹ́ni hàn, ohun kan ṣoṣo tó fi hàn ni pé wọ́n mú un.

Wíwá orúkọ

Ìkànnì ṣẹ́ríìfù káúńtì ni ìbẹ̀rẹ̀. Ti Harris County, níbi tí Houston wà, ti Cook County ní Chicago àti ti Los Angeles County ń jẹ́ kí ènìyàn fi orúkọ tàbí nọ́ńbà wá ẹni tó wà lọ́wọ́ wọn, lọ́fẹ̀ẹ́. Káúńtì kékeré lè máà ní ju ojú ewé kan tí wọ́n ń tún tẹ̀ láràárọ̀. Bí kò bá sí nǹkan kan lórí ayélujára, wọ́n máa ń dáhùn bí ènìyàn bá fi fóònù pè wọ́n. Ìkànnì àdáni tó ń gba owó kì í sábà ní ju ohun tí ìjọba ń fi hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lọ, ó sì lè jẹ́ ti oṣù tó kọjá.

Orúkọ Yorùbá ní ìyọnu tirẹ̀ níbi wíwá yìí. Kọ̀ǹpútà ilé àtìmọ́lé kì í gba àmì ohùn tàbí àmì abẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà Olúwaṣeun á di Oluwaseun, tàbí kí wọ́n gé e sí méjì bí Oluwa Seun. Akọ̀wé lè fi orúkọ àbísọ sí ipò orúkọ ìdílé, pàápàá bó bá jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló ń wò kọ lóru. Ó sàn kí ènìyàn tẹ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún àkọ́kọ́, kó fi ọjọ́ ìbí kún un bí ààyè bá wà, kó sì tún gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ méjèèjì ní ìyípopadà.

Àwọn tó wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ ní àkójọ tiwọn. Ti ọgbà ẹ̀wọ̀n àpapọ̀ kó gbogbo ẹni tó ti kọjá níbẹ̀ láti ọdún 1982 mọ́ra. Ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ṣòroó rí ju àwọn yòókù lọ: ọwọ́ àwọn mọ́ṣáàlì ìjọba àpapọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń jẹ́jọ́, ló wà, wọ́n sì máa ń háyà ààyè nínú ilé àtìmọ́lé káúńtì, tí orúkọ rẹ̀ fi lè wà níbẹ̀ tàbí kó máà sí. ICE, àjọ tó ń mú àwọn tí ìwé ìgbélùú wọn ní àbùkù, ní ìkànnì tirẹ̀ tí wọ́n fi ń wá ènìyàn láti 2010. Nọ́ńbà tí lẹ́tà A ṣíwájú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti bí ẹni náà. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà lè lo orúkọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí bí ICE ṣe kọ ọ́. Kò ṣeé fi wá ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18.

VINE, ètò tó ń fi tó ènìyàn létí bí wọ́n bá tú ẹni tó wà ní àtìmọ́lé sílẹ̀, yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Louisville, Kentucky, ní 1994, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan tó ti gba béèlì pa ọmọbìnrin tó ti ń fẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò mọ̀ rárá pé wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ ń gba ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá tú ẹni tó ń ṣọ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n bá gbé e lọ sí ibòmíràn.

Fún ẹjọ́ fúnra rẹ̀, akọ̀wé ilé-ẹjọ́ káúńtì ni wọ́n ń lọ bá. Ti ìjọba àpapọ̀ wà lórí PACER, ìkànnì ìwé ẹjọ́ àwọn ilé-ẹjọ́ àpapọ̀, níbi tí ojú ewé kan ti jẹ́ sẹ́ǹtì 10, tí ìwé kan kì í sì í sábà ju dọ́là 3 lọ. Ẹni tí gbèsè rẹ̀ kò bá ju dọ́là 30 lọ láàárín oṣù mẹ́ta kò ní san nǹkan kan.

Òfin

Òfin òmìnira ìròyìn tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí ní 1966 kò kan ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tàbí ṣẹ́ríìfù. Ìwé ìjọba àpapọ̀ nìkan ló wà fún. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀. Ti Florida ṣí sílẹ̀ gan-an, ìdí sì nìyí tí ìròyìn ìmúni láti ìpínlẹ̀ náà fi kún ayélujára. Texas gbà kí ọlọ́pàá fi àwọn ìwé kan pamọ́ nígbà ìwádìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe kókó ọ̀rọ̀ nípa ìmúni náà. New York yí òfin rẹ̀ padà ní 2019 láti dènà pínpín fọ́tò ìforúkọsílẹ̀ kiri.

Lórí fọ́tò, ilé-ẹjọ́ fúnra wọn ti yí ọkàn padà. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń bójú tó Michigan, Ohio, Kentucky àti Tennessee sọ ní 1996 pé kí ìjọba àpapọ̀ máa fún oníròyìn ní fọ́tò àwọn tó ń jẹ́jọ́. Ní 2016, ilé-ẹjọ́ kan náà fagi lé e. Nígbà tí àkọ́kọ́ jáde, ìwé ìròyìn òní ló ń di ohun ìfidi-ẹ̀pà lọ́la. Nígbà tí èkejì fi máa jáde, fọ́tò kan lè tẹ̀lé ènìyàn títí ayé.

Fọ́tò tó di ọjà

Àwọn oníkànnì kan rí owó nínú èyí. Wọ́n ń kó fọ́tò láti ìkànnì ṣẹ́ríìfù, wọ́n á gbé e sórí tiwọn, wọ́n á wá máa gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ní 2013, Georgia àti Oregon wà lára ìpínlẹ̀ tó ṣòfin lòdì sí i, ọdún náà ni Google sì yí ètò rẹ̀ padà kí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ má baà máa jáde lókè. Láti 2022, òfin California kò gba ọlọ́pàá láyè mọ́ láti máa gbé fọ́tò ẹni tí ẹ̀sùn rẹ̀ kò ní ìwà ipá nínú sórí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́.

Àwọn gbájú-ẹ̀ náà ń ka àkójọ ọ̀hún. Wọ́n á pe ẹbí, wọ́n á dárúkọ ẹni tí wọ́n mú àti ẹ̀sùn rẹ̀ gẹ́lẹ́, wọ́n á ní kí wọ́n fi káàdì ẹ̀bùn san béèlì. Kò sí ilé-ẹjọ́ tó ń gba káàdì ẹ̀bùn.

Lẹ́yìn ẹjọ́

Bí ìjọba bá fa ẹjọ́ sẹ́yìn, àkọsílẹ̀ ìmúni kì í fúnra rẹ̀ pa rẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Òfin àpapọ̀ kan láti 1970 kò gbà kí ilé-iṣẹ́ tó ń wádìí ènìyàn fún agbanisíṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìmúni tí kò yọrí sí ẹ̀bi bó bá ti lé ní ọdún méje, àfi fún iṣẹ́ olówó ńlá. Pennsylvania ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní 2018, pé kí kọ̀ǹpútà máa bo irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ará ìta má lè rí i mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ̀wé béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí FBI ní nípa òun lè fi ìtẹ̀ka àti dọ́là 18 béèrè fún un.

Fún ọmọ Nàìjíríà, ohun méjì wà tí àkójọ gbangba kì í fi hàn. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi tó aṣojú ìjọba wọn létí bí wọ́n bá mú ọmọ wọn, ì báà wu ẹni náà tàbí kó má wù ú. Èkejì ni pé ìwé tí ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀ ti bò tàbí tó ti pa rẹ́ kò pa rẹ́ lójú àwọn tó ń fúnni ní ìwé ọmọ-onílùú. Fọ́ọ̀mù wọn ń béèrè gbogbo ìgbà tí wọ́n ti mú ènìyàn rí, wọ́n sì lè ní kó mú ẹ̀dà ìwé ilé-ẹjọ́ tó ní òǹtẹ̀ wá. Nítorí náà, àwọn lọ́yà máa ń ní kí ènìyàn gba ẹ̀dà yẹn pamọ́ kó tó ní kí ilé-ẹjọ́ bo ìwé náà.