Ẹ yéé fi ọmọ ajá sáré torí pé ẹ fẹ́ kí eegun ẹ̀ le

Tí n bá tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i pé àfi kéèyàn máa fi ọmọ ajá sáré láàárọ̀ kí eegun ẹ̀ lè le, mi ò mọ ohun tí n máa ṣe o. Láàárín oṣù yìí nìkan, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ń ta ajá, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́dẹ wa, mo tún wá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́ mi kan tí ò sin ajá rí láyé ẹ̀.

Bọ̀dá kan wà ládùúgbò wa ní Àpáta, n'Ìbàdàn níbí, wọ́n ra Boerboel, irú ajá ńlá kan, ọmọ oṣù 4. Tó bá ti di aago mẹ́fà àárọ̀ báyìí, wọ́n á ti wọ kánfáàsì, wọ́n á mú ṣéènì dání, ó di eré títí dé títì ńlá, ó tún di eré padà. Lọ́jọ́ kan ajá náà kàn dúró, ó jókòó sáàárín ọ̀nà, ahọ́n ẹ̀ ń jò tótó, ó ní òun ò lọ mọ́. Bọ̀dá fa ṣéènì, ìdí ajá ń wọ́ nílẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń wọ́ àpò sìmẹ́ǹtì. Mo ní, "Ẹ kú àárọ̀ sà, ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ o." Wọ́n ní, "Ọ̀lẹ ni. Kékeré nìmàle ti ń kọ́ ọmọ ẹ̀ lóṣòó." Àgbà ni wọ́n, mo dákẹ́. Àmọ́ òṣòó kẹ̀? Ṣebí ajá náà ti lóṣòó yẹn.

Kì í ṣe pé kí ajá má rìn o. Ajá tí wọ́n so mọ́ ìdí tánkì omi látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá ara wọn jiyàn lórí ìyẹn, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Ohun tí ò yé àwọn èèyàn ni eegun fúnra ẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún jẹ adìẹ àgírìkì ní bùkà, ẹ wo orí eegun itan ẹ̀ dáadáa. Ẹ fi eyín kàn án, ó máa yọ, ó funfun, ó rọ̀, ẹ lè rún un jẹ kẹ́ ẹ sì gbé e mì. Adìẹ yẹn ò lò ju bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 láyé kí wọ́n tó pa á, ọmọdé ni, eegun ẹ̀ ò tíì gbó. Ẹ wá mú adìẹ ìbílẹ̀ tó ti yé, tó ti sàba, kẹ́ ẹ dán irú ẹ̀ wò, eyín yín ló máa yọ. Bó ṣe rí lẹ́sẹ̀ ọmọ ajá náà nìyẹn. Nítòsí oríkèé, ibì kan wà tí kò tíì di eegun, ibẹ̀ gan-an ni eegun ti ń gùn. Fún ajá kékeré bíi Lhasa, ibẹ̀ lè ti dí tó bá fi máa pé oṣù 8 sí ọdún 1, ṣùgbọ́n fún Boerboel tàbí Rottweiler, ó lè tó oṣù 18. Kó tó dìgbà yẹn, ibẹ̀ rọ̀ ju iṣan tó so eegun pọ̀ lọ, tí ajá bá já bọ́ látorí fẹ́ǹsì tàbí tó bẹ́ látinú búùtù mọ́tò tó sì fara pa níbẹ̀, apá kan lè má gùn mọ́ kí apá kejì ṣì máa gùn lọ, ẹsẹ̀ á wọ́. Lóòótọ́, eegun máa ń le tí wọ́n bá ń lò ó. Lílò la wí, a ò wí lílù.

Mo fura pé ara ọmọ tuntun la ti kọ́ ọ. Ìyá àgbà á wẹ ọmọ tán, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀, á jù ú sókè, wọ́n ní kó lè gbó ni. Kò burú. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà wo ló fi ọmọ oṣù 4 sáré láti Àpáta dé Dùgbẹ̀?

Àwọn tó gbà pé àwọn lajú á wá ní rárá, wọ́n ní ìrìn ìṣẹ́jú 5 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ajá ti lò láyé ni òfin. Oṣù 4, ìṣẹ́jú 20, ó parí. Ó dùn létí, ó sì rọrùn láti ṣírò, ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ta ló wọ̀n ọ́n? Lhasa oṣù 4 àti Boerboel oṣù 4, ìṣẹ́jú 20 kan náà? Tó bá fi gbogbo ọ̀sán lé aláǹgbá kiri inú kọ́ńpáùǹdù, ṣé a máa yọ ìyẹn kúrò nínú ẹ̀ àbí a ò ní yọ ọ́? Ṣé ìṣẹ́jú 20 lórí koríko àti ìṣẹ́jú 20 lórí ọ̀dà, ọ̀kan náà ni? Ẹ bi ẹni tó ń pín nọ́ńbà yìí káàkiri pé ìwádìí wo ló bí i, á ní ṣebí gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Bóyá ó tiẹ̀ sàn ju ti bọ̀dá wa lọ, mi ò ní parọ́, torí ẹni tó bá tẹ̀lé e ò ní fa ajá kankan wọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kọ́.

Èyí táwọn kan jókòó ṣèwádìí ẹ̀ lóòótọ́, Norway ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n gbé e jáde lọ́dún 2012. Bí ajá 500 ni wọ́n tẹ̀lé láti kékeré, irú 4 tó máa ń tóbi: Labrador, Newfoundland, Leonberger àti Irish Wolfhound. Àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ kí wọ́n tó pé oṣù 3, ìbàdí tiwọn ló máa ń bà jẹ́ jù. Àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ láìsí okùn lọ́rùn, tí wọ́n ń ṣeré fúnra wọn lórí ilẹ̀ rírọ̀, tiwọn dáa jù. Ẹ̀yin náà á ní kò sí Boerboel ńbẹ̀, Norway ò sì jọ Ìbàdàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ajá ìbílẹ̀ tó dàgbà sí Ọjà Ọba n'Ìbàdàn níbí náà ńkọ́, ta ló ń fi wọ́n sáré, ẹsẹ̀ wọn ò ṣáà wọ́.

Nítorí náà, lójú tèmi, kó máa ṣeré fúnra ẹ̀ nínú ọgbà, tó bá dúró, ẹ jẹ́ kó dúró, tó bá jókòó, ó ní ìdí. Ẹ lè mú un rìn gbẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kójú ẹ̀ lè là sí mọ́tò àti èèyàn. Tó bá ń tiro lọ́jọ́ kejì, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí dókítà ẹranko tó bá rí ajá tiyín gan-an sọ nǹkan míì, tiẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà.

Ẹ má mú un jáde lọ́sàn-án gangan o. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé ọ̀dà, tẹ́ ò bá lè gbé e síbẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ tiẹ̀ náà ò lè gbà á, mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn náà ló sì fi ń tu ara ẹ̀ lára. Ẹ má sì gbé e lọ síbi táwọn ajá míì ń yàgbẹ́ sí nígbà tí abẹ́rẹ́ ẹ̀ ò tíì pé, torí kòkòrò parvo, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó lè pa ọmọ ajá, lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Láti bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n á tún un gbà títí di bí ọ̀sẹ̀ 16, ti dìgbòlugi tún wà lọ́tọ̀. Yunifásítì Ìbàdàn (UI) ní ilé ìwòsàn ẹranko, kì í ṣe pé ẹ ò ní rí ẹni bi.

Ká tó gbàgbé, calcium, èròjà tó wà nínú eegun. Àwọn tó ń ta ajá máa ń ní kẹ́ ẹ máa dà á sóúnjẹ ẹ̀ kí eegun lè tètè gbó. Ọmọ ajá ńlá tó ti ń jẹ oúnjẹ tó péye, tí calcium bá tún pọ̀ lápọ̀jù, ńṣe ló ń ba eegun ẹ̀ jẹ́, torí ní kékeré yẹn, ara ẹ̀ ò mọ bó ṣe lè kọ èyí tó bá pọ̀ jù. Bọ̀dá wa ti ra ike méjì. Wọ́n fi hàn mí lánàá, wọ́n ní tí ọ̀kan bá tán àwọn á tún bẹ̀rẹ̀ eré.