Ìwé Ilẹ̀ Yín Dà?

Láti oṣù keje ọdún 2024 tí Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń gbé wá sí ọ́fíìsì wa nílùú Iléṣà: "Ọ̀gá, ìgbà wo ni káńsù máa kọ́lé fún wa?"

Kí wọ́n má kọ́ ọ o. Èmi tí mo ń ṣètò yáwó ilé ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Bí káńsù bá ní ₦100 mílíọ̀nù, tí ilé kan ń jẹ ₦10 mílíọ̀nù, ilé mẹ́wàá péré ni, ẹ sì mọ àwọn tó máa gbé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá ẹni tí kò nílé rí san mílíọ̀nù kan àkọ́san, tí báǹkì yá a ní mẹ́sàn-án tó kù, ọgọ́rùn-ún ìdílé ló máa wọlé. Àwọn ìdílé yìí á máa dá mílíọ̀nù náà padà díẹ̀díẹ̀, káńsù á tún fi gbé ẹlòmíràn dìde.

Ti báǹkì yáwó ilé ìjọba àpapọ̀, FMBN, ni mo ń wí, láti inú NHF, àpò owó ilé tí òfin ọdún 1992 dá sílẹ̀. Ẹ dá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù yín sí i fún oṣù mẹ́fà, ẹ ti lè tọrọ. Èlé ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ọgbọ̀n ọdún: mílíọ̀nù mẹ́sàn-án á jẹ́ nǹkan bí ₦54,000 lóṣù. Bí èlé bá jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ẹ fẹ́ san án tán lógún ọdún, ó di ₦189,000. Síbẹ̀ wọ́n ní gbèsè báǹkì ń lé ènìyàn dé sàréè. Ọmọ Òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà tí baba rẹ̀ fi aṣọ tó ń tà láwìn kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ló wá ń bẹ̀rù àwìn!

Èyí tó ń pa wá gan-an ni ìwé. Risíìtì kì í ṣe ìwé ẹ̀tọ́. Sọ́fè náà kì í ṣe é. Ó kàn sọ ibi tí ilẹ̀ wà ni, kì í ṣe ẹ̀rí ẹni tó ni ín. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, gómìnà ló ń fọwọ́ sí ti ìgboro, ìjọba ìbílẹ̀ sì lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀ ní àwọn ìletò tí kì í ṣe ìgboro. Bí káńsù bá la ọ̀nà sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n parí ìjà ẹbí, tí wọ́n ṣe ìwé rẹ̀ kó pé kí wọ́n tó pè wá, ìdajì iṣẹ́ ti tán. Báǹkì wo ló fẹ́ gba ilẹ̀ tó ní ẹjọ́ nídìí ṣe ìdúró owó tó yáni?

Ṣùgbọ́n àjẹ́ńtì abẹ́ igi ní "ìwé pé, màdáámú". Wòlíì sì ní kí ẹni tó ra ilẹ̀ má jẹ́ kí ayé gbọ́.

Nọ́ọ̀sì kan wà tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí yáwó rẹ̀. Mo ní kó mú ìwé ilẹ̀ wá, orúkọ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo bá níbẹ̀. Wòlíì ní bí orúkọ ìyá bá hàn, ọ̀tá á rí i. Ó dáa, òfin ilẹ̀ yẹn kan náà sọ pé gómìnà ò gbọ́dọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 ní ẹ̀tọ́ ilẹ̀. Mo ní kó lọ bá ẹni tó tà á kí wọ́n tún un kọ. Ibẹ̀ ni àṣírí tú: àbúrò nínú ẹbí ló tà á, olórí ẹbí ò mọ̀ sí i. Ilẹ̀ ẹbí tí olórí ẹbí ò lọ́wọ́ sí títà rẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Ẹbí ní àwọn ò ta nǹkan kan, ẹni tó gbowó ti ná an.

Wòlíì ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Èmi ní kó wá lọ́yà kíákíá. Ó ní òun á kọ́kọ́ gbààwẹ̀ ná. Kó tó ṣínu, ẹlòmíràn ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lórí ilẹ̀ náà.