Ṣé Gómìnà Ló Ni Ìgbìmọ̀ Etíkun California?

Bí a bá sọ fún ọ̀pọ̀ nínú wa pé ìjọba ìpínlẹ̀ kan ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó etíkun, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé ọmọ ẹ̀yìn Gómìnà ni gbogbo wọn, pé ohun tó bá fẹ́ ni wọn yóò fọwọ́ sí, àti pé ìpàdé tí wọ́n ń pe ará ìlú sí kò ju ojú ayé lọ, nítorí wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ náà sínú yàrá kan kí wọ́n tó wá jókòó níta. A kò lè dá ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀ lẹ́bi. Ní Nàìjíríà, bí gómìnà tuntun bá gorí àlééfà, ìkéde kan ṣoṣo lè tú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ìjọba ká lọ́jọ́ kan. Ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso etíkun ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní California Coastal Commission, tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé létí òkun, àwọn onílùú pàápàá sì ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí òfin ṣe to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Ilé-iṣẹ́ Poseidon Water fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀rọ kan sí ìlú Huntington Beach ní etíkun California, tí yóò máa yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, tí yóò sì máa mú 50 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù omi mímu jáde lójúmọ́. Gómìnà Gavin Newsom fẹ́ iṣẹ́ náà, kò sì fi pamọ́. Ó sọ fún àwọn oníròyìn pé àṣìṣe ńlá ni yóò jẹ́ bí ìgbìmọ̀ bá kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò, mọ́kànlá ló ní àwọn kò gbà, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó gbà. Àga méjìlá péré ló ní ìbò nínú ìgbìmọ̀ náà, Gómìnà ló ń yan èèyàn sí mẹ́rin nínú wọn. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé, ó kéré tán, mẹ́ta nínú àga Gómìnà wà lára àwọn tó kọ ohun tí Gómìnà fẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀: ìgbìmọ̀ fi ìbò mẹ́fà sí mẹ́rin tako bí àwọn ológun ojú òfurufú ṣe fẹ́ fi kún iye rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX tó ń gbéra láti ibùdó ológun Vandenberg ní California, Newsom sì jáde sọ ní gbangba pé ẹ̀yìn Elon Musk, ọ̀gá SpaceX, ni òun wà.

Ọwọ́ mẹ́ta ló ń yan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ náà. Gómìnà yan mẹ́rin, abẹnugan ilé aṣòfin kékeré yan mẹ́rin, ìgbìmọ̀ kan nínú ilé aṣòfin àgbà tí a ń pè ní Senate Rules Committee sì yan mẹ́rin. Nínú àwọn mẹ́rin tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ń yàn, méjì jẹ́ ará ìlú lásán, méjì yòókù sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí àwọn ará ìlú ti dìbò yàn sípò tẹ́lẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tó wà létí òkun, irú bíi káńsẹ́lọ̀. Kì í ṣe ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń mú àwọn wọ̀nyí. Òfin pín etíkun náà sí ẹkùn mẹ́fà, ó sì sọ ẹni tó ń yan aṣojú ẹkùn kọ̀ọ̀kan: Gómìnà kò lè mú aṣojú ẹkùn San Diego, nítorí ti abẹnugan ni, abẹnugan náà kò sì lè fọwọ́ kan ẹkùn àríwá pátápátá, nítorí ti Gómìnà ni. Orúkọ tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn bá fà kalẹ̀ ni ẹni tó ń yàn yóò ti mú èyí tó wù ú. Àwọn mẹ́ta mìíràn tún wà láti ẹ̀ka ìjọba, ìyẹn ti ohun àlùmọ́ọ́nì, ti ìrìnnà àti ti ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Wọ́n lè jókòó, wọ́n lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìbò.

Ibi tí ìgbàgbọ́ òdì yìí ti rí gbòǹgbò rẹ̀, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ìyọnípò ni. Títí di òní, àwọn mẹ́rin tí Gómìnà yàn wà níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wù ú ni. Bó bá jí lówùúrọ̀, ó lè ní kí ẹnì kan máa lọ ilé. Nígbà kan rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tí ilé aṣòfin yàn. Ohun tó yí èyí padà jẹ́ ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Marine Forests Society lọ kó táyà ọkọ̀ àlòkù àti kẹ́ẹ̀gì oníke sísàlẹ̀ òkun nítòsí Newport Beach, wọ́n ní igbó inú omi ni àwọn ń gbìn fún ẹja, wọn kò sì gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kọ̀ láti fún wọn ní ìwé àṣẹ náà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é tán. Wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ, àmọ́ kì í ṣe táyà ni ẹjọ́ wọn dá lé: wọ́n ní ìgbìmọ̀ náà gan-an kò bá òfin mu, nítorí ó ń ṣe iṣẹ́ aláṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn aṣòfin lè yọ ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ nígbàkúgbà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbà pẹ̀lú wọn. Kí ẹjọ́ náà tó dé òkè, ilé aṣòfin sáré tún òfin ṣe ní ọdún 2003, wọ́n fún àwọn mẹ́jọ tí àwọn yàn ní sáà ọdún mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò lè gé kúrú nítorí pé inú ń bí i. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní California ní pẹ̀lú àtúnṣe yẹn, ìgbìmọ̀ náà bófin mu. Bí Gómìnà bá tilẹ̀ di ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú ṣinṣin, mẹ́ta ló ṣì kù fún un láti wá kí ó tó pé méje nínú méjìlá.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti parí rẹ̀ sínú yàrá wá ńkọ́? Òfin ìpàdé gbangba tí wọ́n ń pè ní Bagley-Keene, èyí tó ti wà láti ọdún 1967, kò gbà kí ọ̀pọ̀ nínú ọmọ ìgbìmọ̀ jọ jíròrò ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ níbi tí ará ìlú kò sí. Kò sì gbà kí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe é lọ́kọ̀ọ̀kan, kí Àlàbá pe Òjó lórí fóònù, kí Òjó pe Àìná, títí tí iye wọn yóò fi tó. Àtòjọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ gbọ́dọ̀ ti jáde ní ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìpàdé. Ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ lórí ohun tó wà nínú àtòjọ náà, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọlé.

Òótọ́ ni pé ẹni tó fẹ́ kọ́lé sí etíkun lè lọ bá ọmọ ìgbìmọ̀ kan nílé, kí wọ́n jọ mu kọfí. Òfin kò sọ pé kí ó má lọ. Ohun tí òfin sọ ni pé ọmọ ìgbìmọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méje fún gbogbo ayé láti rí. Bí ìpàdé bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó bá dákẹ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò lórí rẹ̀ mọ́, ó sì lè san owó ìtanràn tó tó 7,500 dọ́là. Ní tèmi, ihò tó wà nínú òfin yìí kò kéré, nítorí ẹnu ọmọ ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ la ó ti gbọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe ẹ̀rí pé eré lásán ni ìpàdé náà ni ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2016, ní ìlú Morro Bay. Ìgbìmọ̀ fẹ́ yọ ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Charles Lester, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n ṣe é ní gbangba. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló rọ́ dé, wọ́n tò láti sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ wá wọ yàrá lọ, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn ti yọ ọ́ pẹ̀lú ìbò méje sí márùn-ún. Ó dun àwọn èèyàn, ó sì yẹ kó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà lára ìwọ̀nba ohun tí òfin gbà kí wọ́n sọ ní kọ̀rọ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé kò sí lára rẹ̀. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ni òfin fún ará ìlú, kò fún un ní ìbò.

Ohun kan tún wà tó ń rú àlejò lójú níbẹ̀, tó sì ń mú kí wọ́n rò pé awo ni wọ́n ń ṣe. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ní kí wọ́n má fọwọ́ sí ilé kan, àbá tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé ni pé “mo dá a lábàá pé kí a fọwọ́ sí i”, lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ dìbò “rárá”. Ọmọ ìgbìmọ̀ tó kórìíra ilé náà gan-an sì lè jẹ́ ẹni tí yóò kà á jáde pé kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ìdí rẹ̀ ni pé ìbò àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jókòó ló gbọ́dọ̀ gbé ìwé àṣẹ dìde; bí àbá náà bá ṣubú, ìwé àṣẹ ti ṣubú nìyẹn, láìsí ìbò mìíràn. Bí ìbò bá wá di mẹ́fà sí mẹ́fà, kò sí pé a ń lọ tún un dì: onílé kò rí ìwé àṣẹ gbà.