Fífi Orin Tọ́jú Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé

Fífi orin tọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú kan ní ilé ìwòsàn. Olórin tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ló ń ṣe é. Yóò fi ohùn, orin ìrẹmọ àti ohun èlò tí kì í pariwo mú ara ọmọ tí wọ́n bí ṣáájú àkókò balẹ̀, yóò sì kọ́ ìyá àti bàbá bí wọ́n ṣe lè fi ohùn tiwọn ṣe é. Kì í gba ipò oògùn, ọ́síjìn tàbí omi ọyàn. Ẹni méjì ni ìtọ́jú náà wà fún, nítorí pé ìyá tó jókòó ti ọmọ rẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù náà ń fẹ́ ìtọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ọmọ nìkan ló wà lára fáìlì.

Ọmọ tí wọ́n bí kí oyún rẹ̀ tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn dókítà kà sí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Èyí tí wọ́n bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 28 ló wà nínú ewu jù. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.4 irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí káàkiri ayé lọ́dún 2020. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí iye tiwọn pọ̀ jù.

Ariwo inú wọ́ọ̀dù

Etí ọmọ inú oyún ti máa ń ṣiṣẹ́ kí oyún náà tó pé oṣù méje. Ohun tó ń gbọ́ níbẹ̀ kò le: bí ọkàn ìyá ṣe ń lù, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn, àti ohùn ìyá fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá bí i ṣáájú àkókò, gbogbo ìyẹn á dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ó di inú àpótí tí wọ́n ń pè ní ínkúbétọ̀, níbi tí aago ẹ̀rọ ti ń dún tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pa á. Lọ́dún 1997, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, dábàá pé kí ariwo inú irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 45. Èyí rọlẹ̀ ju ohùn ènìyàn méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù ló sì ń kọjá rẹ̀. Ariwo òjijì lè mú kí ọkàn ọmọ náà sáré, tàbí kí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí orin tí wọ́n ń kọ fún un fi gbọ́dọ̀ lọ́ra, kí ó rọlẹ̀, kí ó má sì yí padà lójijì. Orin tó bá di àfikún ariwo, ìpalára ló ń ṣe.

Àìbalẹ̀ ọkàn ìyá

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ìyá náà máa lọ sílé, ọwọ́ òfo ló sábà máa ń gbé délé, ọmọ ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Kò lè gbé e nígbà tó bá wù ú. Nọ́ọ̀sì ló ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọmọ lóúnjẹ. Bí ẹ̀rọ bá ti dún, àyà ìyá á já. Àwọn olùwádìí sábà máa ń fi ìwé ìbéèrè tí Charles Spielberger ará Amẹ́ríkà ṣe wọn àìbalẹ̀ ọkàn yìí: ìbéèrè 20 lórí bó ṣe ń ṣe ènìyàn lọ́wọ́lọ́wọ́, 20 mìíràn lórí bó ṣe sábà máa ń ṣe é. Máàkì abala kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 20, ó sì lè dé 80.

Orin fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ kan tí nọ́ọ̀sì kò lè bá a ṣe, torí pé ohùn rẹ̀ ni ọmọ náà ti mọ̀ kí ó tó wá sáyé.

Orin ìdílé

Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ń tọ́ka sí jù ni èyí tí Joanne Loewy àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Pediatrics lọ́dún 2013. Nígbà náà, Loewy ń ṣiṣẹ́ ní Louis Armstrong Center for Music and Medicine ní ilé ìwòsàn Beth Israel, New York. Ọmọ 272 ní ilé ìwòsàn 11 ló kópa. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì, ni wọ́n dán ọ̀nà mẹ́ta wò. Àkọ́kọ́ ni ohun èlò roboto kan tí wọ́n ń yí díẹ̀díẹ̀ kí ó lè dún bí inú ikùn ìyá. Èkejì, àpótí onígi kékeré tí wọ́n ń fi ìka lù kí ó dún bí ọkàn tó ń lù. Ẹ̀kẹta ni orin ìrẹmọ tí òbí fúnra wọn yàn. Ìlù ọkàn ọmọ rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọrin ìrẹmọ àti nígbà tí wọ́n ń lu àpótí onígi. Lẹ́yìn tí ohun èlò roboto dákẹ́, ọkàn rọlẹ̀, oorun ọmọ náà sì yàtọ̀. Orin tí òbí yàn ló ṣe dáadáa jù fún mímu ọyàn àti oúnjẹ. Àwọn òbí náà sọ pé ìdààmú tó wà lọ́kàn àwọn dín kù.

Kò pọn dandan kí orin tí òbí yàn jẹ́ orin ọmọdé láti ìbẹ̀rẹ̀. Olórin náà lè mú orin tí ìdílé fẹ́ràn, kí ó fà á lọ́ra, kí ó sì dín ohùn kù títí tí yóò fi di orin ìrẹmọ. Èyí kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ìyá àgbà tó ń pe ọmọ tó ń sunkún ní Àjọkẹ́ tàbí Àkànní, tó ń kì í dé ilé bàbá rẹ̀ títí tó fi sùn, orin ìdílé ló ń kọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú ínkúbétọ̀ lè fi ohùn jẹ́jẹ́ ki oríkì náà létí ihò tí wọ́n ń ki ọwọ́ bọ̀, bí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí i.

Lórí àyà ìyá

Ní Bogotá, olú ìlú Colombia, ni dókítà Edgar Rey Sanabria ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí wọ́n so ọmọ kékeré mọ́ àyà ìyá, ara kan ara, lọ́dún 1978, nítorí pé ínkúbétọ̀ kò tó. Lọ́dún 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé dábàá pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kété tí wọ́n bá ti bí ọmọ náà. Orin bá ọ̀nà yìí mu gan-an. Ní Ísírẹ́lì, Shmuel Arnon àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyá 86 àti ọmọ wọn ṣe ìwádìí tó jáde lọ́dún 2014. Wọ́n fi ìgbà tí ìyá gbé ọmọ láyà tó ń kọrin wé ìgbà tó kàn gbé e láìkọrin. Ìlù ọkàn ọmọ dúró déédéé sí i nígbà tí orin wà níbẹ̀, àìbalẹ̀ ọkàn ìyá sì dín kù.

Jayne Standley ti Florida State University gba ọ̀nà mìíràn: ó so orin ìrẹmọ mọ́ ọmú rọ́bà, tó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá fà á dáadáa ni orin yóò dún. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń kọ́ bí a ṣe ń fa ọyàn.

Ibi tí ẹ̀rí dé

Lọ́dún 2016, Łucja Bieleninik, Claire Ghetti àti Christian Gold kó ìwádìí 14 jọ, tí ọmọ 964 àti òbí 266 wà nínú wọn. Ohun méjì ló hàn gbangba: mímí ọmọ fi bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin dín kù láàárín ìṣẹ́jú kan, àìbalẹ̀ ọkàn ìyá sì dín kù púpọ̀. Lórí àwọn nǹkan yòókù, ẹ̀rí kò tíì tó. Ìwádìí LongSTEP wá bá ìdílé 213 ṣiṣẹ́ ní Argentina, Colombia, Ísírẹ́lì, Norway àti Poland. Ìbéèrè rẹ̀ gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ: ṣé orin yóò mú kí ìfẹ́ àárín ìyá àti ọmọ lágbára sí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà? Kò rí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó gba ìtọ́jú orin àti àwọn tí kò gbà á. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń polówó ìtọ́jú yìí máa sọ èyí pẹ̀lú. Àkójọ ìwádìí 25 tí Cochrane, àjọ tó ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, ṣe lọ́dún 2023 rí i pé orin ń mú kí ìlù ọkàn ọmọ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i pé ó ń fi kún ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọmọ máa ń fẹ́ orin. Bí ó bá na ìka rẹ̀ gbangba, tí ó ń ṣe òsúkè, tí àwọ̀ ara rẹ̀ yí padà, tàbí tí ó yí ojú kúrò, ó ti tó o nìyẹn. Olórin á dákẹ́, kódà bí orin náà kò bá tíì parí, ìyá á sì gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí láìsọ nǹkan kan.