Ìṣàjọ ni, kì í ṣe Ìṣọ̀kan

Mo tún rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá: ẹnì kan fi "ìṣọ̀kan" túmọ̀ integration, ti inú calculus, ẹ̀ka ìṣirò tó ń wo bí nǹkan ṣe ń yí padà àti bó ṣe ń kó jọ. Ó dùn mí. Àwọn tó ń jà ló ń wá ìṣọ̀kan, nọ́ńbà kò bá ara wọn jà.

Ìṣàjọ lèmi ń pè é, n ò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣa ẹ̀pà lóko rí mọ ohun tí mò ń wí: ẹyọ kọ̀ọ̀kan kéré lọ́wọ́, àmọ́ kó tó nàró, agbọ̀n ti kún. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń gé ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìlà orí gíráàfù sí wẹ́wẹ́, tí a ó sì ṣà á jọ. Leibniz, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, kọ́kọ́ kọ àmì rẹ̀ (∫) sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, ọdún 1675. S gígùn ló fà, lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ summa, ìyẹn àròpọ̀ lédè Látìn. Wọ́n á ní ará ilé Bernoulli, ìdílé àwọn onímọ̀ ìṣirò, ló tẹ ọ̀rọ̀ integral jáde ní 1690, pé "sísọ di odidi" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo gbà. Ṣé odidi wá jẹ́ ìṣọ̀kan ni? Àròpọ̀ ì bá dára, ṣùgbọ́n ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń lò ó fún 2 + 3.

"Agbára" náà ń bí mi nínú. Òyìnbó ní power fún nọ́ńbà tí a fi lọ́po ara rẹ̀, bíi 2³, àwọn kan sáré mú agbára, nígbà tí ìlọ́po wà lẹ́nu gbogbo ìyá ọlọ́jà. Látinú ìlọ́po ni mo ti mú orúkọ logarithm, tó ń ka iye ìgbà tí a lo ìlọ́po kan kí a tó dé nọ́ńbà kan: òǹkà ìlọ́po. (N ò bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pè é ní lọ́ọ̀gì jà.) Napier ará Skọ́tíláǹdì tó gbé e jáde ní 1614 fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì so orúkọ rẹ̀, ìfiwéra àti nọ́ńbà. Tèmi ò jìnnà sí tirẹ̀.

Ní Ilé-Ifẹ̀, láti 1970, Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Iṣẹ́ yẹn ò lè gòkè dé calculus bí ọ̀rọ̀ tí kò júwe nǹkan kan la bá ń kó jọ.

Olùkọ́ wa kọ ọ́ sójú pátákó pé bí a bá ṣa xⁿ jọ, xⁿ⁺¹/(n+1) la ó rí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì pupa kọ sábẹ́ rẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ jẹ́ −1, ó sì nù ún kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ìdí. Bí n bá jẹ́ −1, xⁿ di 1/x, òfin yẹn á sì ní ká fi òdo pín nǹkan. Inú ihò yẹn gan-an ni lọ́ọ̀gì ń gbé.

Ẹ wo oko ẹ̀pà kan tó ń fún bó ṣe ń jìnnà. Ní ọ̀pá 1 sí orígun, ìbú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá kan. Ní ọ̀pá 2, ìdajì. Ní ọ̀pá 4, ìdá mẹ́rin. 1/x nìyẹn. Ẹ ṣà á láti 1 dé 2, ká ní agbọ̀n kan kún. Láti 2 dé 4, ọ̀nà gùn ní ìlọ́po méjì, ìbú dín sí ìdajì: agbọ̀n kan náà ni. Láti 4 dé 8, agbọ̀n kan. Kí agbọ̀n tó pé mẹ́wàá, ẹ ti dé ọ̀pá 1,024. Ìrìn ń di ìlọ́po, agbọ̀n ń fi ẹyọ kan lé kan. Iye agbọ̀n ni òǹkà ìlọ́po. Gregory of Saint-Vincent, àlùfáà Jesuit ọmọ ìlú Bruges, tẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yìí jáde ní 1647; ní 1649 de Sarasa, Jesuit bíi tirẹ̀, rí i pé lọ́ọ̀gì ló wà níbẹ̀.

Ẹ wá yí ìbéèrè padà: bí mo bá fẹ́ agbọ̀n báyìí báyìí, ibo ni màá rìn dé? Ìdáhùn rẹ̀ ni exponential, tí mò ń pè ní ìlọ́po-gorí-ìlọ́po. Ibi tí ilẹ̀ tí a ṣà bá ti tó ọ̀pá kan níbùú, ọ̀pá kan lóòró, ni ọ̀pá 2.71828, nọ́ńbà tí Euler, onímọ̀ ìṣirò, fi lẹ́tà e sọ lórúkọ. Ẹni tó bá dúró ní ọ̀pá 100, ìdá ọgọ́rùn-ún péré ni ìbú ilẹ̀ iwájú rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan á gbà á ní ìrìn tó tó ìlọ́po 100 ti ẹni tó wà ní ọ̀pá 1. Bí ibi tó dé bá ṣe jìnnà tó ni ìrìn tó kàn ṣe ń gùn tó. Ìdí tí eˣ, ìyẹn ibi tí a dé nígbà tí a bá ti ṣa x irú ilẹ̀ ọ̀pá kan sí ọ̀pá kan bẹ́ẹ̀, fi ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n ara rẹ̀ nìyẹn.