Ààbò agẹṣin àti ẹṣin nínú ìdíje cross-country

Cross-country ni apá tó léwu jù lọ nínú eventing, eré orí ẹṣin tí agẹṣin kan àti ẹṣin kan náà ń kópa nínú ìdánwò mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni dressage, níbi tí ẹṣin ti ń fi ìgbọràn àti ìrìn ẹ̀yẹ hàn lórí pápá títẹ́jú. Ìkejì ni cross-country, níbi tí ó ti ń sáré la pápá, igbó àti omi kọjá, tí ó sì ń fo àwọn ìdènà tí a rì mọ́lẹ̀. Ìkẹta ni ìfò inú ọgbà, níbi tí ọ̀pá ìdènà ti máa ń já bọ́ bí ẹsẹ̀ ẹṣin bá kàn án. Bí ẹṣin bá kọlu ọ̀pá inú ọgbà, máàkì ló pàdánù. Bí ó bá kọlu ìtì igi nínú cross-country, igi náà kò ní mì. Ẹṣin ni yóò yí.

Nínú ìdíje oníràwọ̀ márùn-ún, ìpele tó ga jù lọ, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Badminton àti Burghley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, ìdènà tó le gbagidi lè ga tó mítà 1.20, èyí tí wọ́n sì to ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ sí lórí lè tó mítà 1.45. Ẹṣin gbọ́dọ̀ máa sá mítà 570 ní ìṣẹ́jú kan, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 sí 12, lórí ipa-ọ̀nà tó lé ní kìlómítà mẹ́fà. Bí ó bá pẹ́ ju àkókò tí wọ́n dá fún un lọ, ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ń fi máàkì ìjìyà 0.4 kún tirẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀ láàárín àwọn ológun

Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Yúróòpù ni eré yìí ti wá. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹṣin ológun lè rin ọ̀nà jíjìn, kí ó fo kòtò àti odi, kí ó sì tún dá ṣáṣá lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí eventing wọ Òlíḿpíìkì ní Stockholm ní 1912, àwọn ọ̀gá ológun nìkan ló ń kópa. Nígbà tó yá ni àwọn ọkùnrin tí kì í ṣe ológun rí àyè wọlé, ó sì di 1964 ní Tokyo kí obìnrin àkọ́kọ́, Lana du Pont ará Amẹ́ríkà, tó kópa nínú eventing ní Òlíḿpíìkì.

Ìgboyà ni wọ́n fi ń wọn agẹṣin láyé ìgbà náà. Ní Òlíḿpíìkì Berlin ní 1936, ìdènà kẹrin kó àwọn ẹṣin sínú adágún omi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò rí bí ojú ṣe rò ó, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin sì ṣubú níbẹ̀. Ẹṣin mẹ́ta ló kú nínú ìdíje ọdún náà. Konrad von Wangenheim, ará Jámánì, ṣubú nínú adágún yìí, egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, ó tún gun ẹṣin náà parí eré ọjọ́ náà, ó sì tún padà wá fò nínú ọgbà lọ́jọ́ kejì. Ẹgbẹ́ rẹ̀ gba wúrà, wọ́n sì ń ròyìn rẹ̀ bí akọni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lábẹ́ òfin òde òní, bí agẹṣin tàbí ẹṣin bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré nínú cross-country, ìdíje ti parí fún wọn nìyẹn, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ agẹṣin náà wò. Nínú gbogbo àtúnṣe tó ti dé bá eré yìí, díẹ̀ ló fi hàn tó èyí bí èrò àwọn ènìyàn rẹ̀ ti yí padà.

Ìṣubú tó ń pa ènìyàn

Kì í ṣe gbogbo ìṣubú ló rí bákan náà. Agẹṣin tó yọ̀ bọ́ láti èjìká ẹṣin lè dìde, kí ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù. Èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bani jù lọ ni ìtàkìtì ẹṣin. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí apá òkè ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin, lókè orúnkún, bá kọlu ìdènà tí kì í mì. Iwájú ara ẹṣin dúró, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo eré tó ń sá, ìdí rẹ̀ sì gba orí rẹ̀ kọjá. Agẹṣin ti balẹ̀ síwájú kí ẹṣin tó dé, ẹran tó wúwo tó nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù sì wó lé e lórí. Kò sí ẹ̀wù tí ènìyàn lè wọ̀ tó lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró.

Ní 1999, agẹṣin márùn-ún ló kú nínú cross-country ní Bìrìtéènì láàárín sáà ìdíje kan ṣoṣo. Ìbànújẹ́ yìí ló mú kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Lord Hartington, tí ó gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2000. Kókó ìmọ̀ràn wọn ni pé kí gbogbo ènìyàn tó wà nídìí eré yìí sa gbogbo ipá wọn kí ẹṣin má baà ṣubú. Ìmọ̀ràn yìí dà bí ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀, ṣùgbọ́n òun ló yí iṣẹ́ padà. Títí di ìgbà náà, ara agẹṣin ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti dáàbò bò. Láti ìgbà náà, ìdènà fúnra rẹ̀ ni wọ́n dojú kọ.

Ìdènà tó ń jálẹ̀

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Transport Research Laboratory ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti mọ̀ nípa ìjàǹbá ọkọ̀ dáadáa, bá àwọn ẹlẹ́ṣin ṣiṣẹ́ láti ṣe ọ̀pá irin kékeré kan tí a ń fi gbé ìtì igi dúró. Bí ẹrù ńlá bá dé orí igi náà láti òkè, irin yìí á kán, igi á sì jálẹ̀ kí ẹṣin tó yí po. Ní Swídìn, Mats Björnetun ṣe irú mìíràn tí wọ́n ń pè ní MIM, kílíìpù tó ń tú sílẹ̀ bí ẹṣin bá ti ìdènà síwájú tàbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nítorí pé ó ń gbọ́ agbára láti ọ̀nà méjèèjì, wọ́n lè lò ó fún ìdènà oníbejì tó fẹ̀, fún géètì àti fún ìdènà onígun.

Agẹṣin tó bá mú kí irú ìdènà bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ń gba máàkì ìjìyà 11. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí. Àwọn kan ní ó burú láti fìyà jẹ ẹni tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà là, pàápàá bí ẹṣin bá kàn fi ẹsẹ̀ kàn án fẹ́rẹ́. Àwọn mìíràn fèsì pé láìsí ìjìyà, àwọn agẹṣin á máa fi eré àsápajúdé wá bá ìdènà bí ẹni pé inú ọgbà ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ kejì yìí ní ìwúwo, nítorí ìbẹ̀rù igi tí kì í mì wà lára ohun tó ń kọ́ agẹṣin láti dín eré kù.

Ọgbọ́n ẹni tó ń ya ipa-ọ̀nà

Ojú ẹṣin kò rí bíi tiwa. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, nítorí náà bí ó bá ti sún mọ́ ìdènà tán, ohun tó wà níwájú orí rẹ̀ gan-an máa ń pa mọ́ fún un. Ohun tó ti rí kí ó tó débẹ̀ ló fi ń fò. Ó tún ń gba àkókò kí ojú rẹ̀ tó mọ́ra bí ó bá kúrò nínú oòrùn wọ inú òkùnkùn igbó. Nítorí èyí, ẹni tó ń ya ipa-ọ̀nà kì í gbé ìdènà sí ẹnu igbó gan-an láìfún ẹṣin láyè. Ó ń fi òdòdó tàbí igi wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ìdènà kí ẹṣin lè mọ ibi tó ti yẹ kí ó gbé ẹsẹ̀. Ó ń mú kí ojú ìdènà dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn, nítorí ìdènà tó dúró ṣánṣán, tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ló máa ń tan ẹṣin jẹ jù. Ìdènà tó ṣòro jù kì í sì í jẹ́ ti ìkẹyìn, nígbà tí ó ti rẹ ẹṣin.

Ilẹ̀ náà ní tirẹ̀. Ilẹ̀ tó le bí òkúta ń ba iṣan àti oríkèé jẹ́, ẹrẹ̀ sì ń gba agbára ẹṣin, ó ń mú un yọ̀. Ní 2012, wọ́n fagi lé ìdíje Badminton pátápátá nítorí pé òjò ti rin ilẹ̀ gbingbin.

Ohun tí agẹṣin ń wọ̀

Àṣíborí tó bá ìlànà mu jẹ́ dandan, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìṣubú tó bá gba orí, bí kò tilẹ̀ sí ìlà kankan lára rẹ̀. Ẹ̀wù ìdáàbòbò àyà náà jẹ́ dandan. Lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ń wọ ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tí okùn so mọ́ gàárì. Bí agẹṣin bá bọ́, okùn náà á fa, afẹ́fẹ́ á sì kún inú ẹ̀wù náà lójú ẹsẹ̀. Àwọn agẹṣin tún ń so àkọsílẹ̀ ìlera wọn mọ́ apá, kí dókítà lè mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀.

Àwọn ohun èlò yìí ní ibi tí agbára wọn mọ. Christopher Reeve, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà, wọ àṣíborí àti ẹ̀wù ìdáàbòbò nígbà tí ẹṣin rẹ̀ dúró lójijì níwájú ìdènà ní Culpeper, ní Virginia, ní oṣù Karùn-ún 1995. Egungun ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, láti ọrùn lọ sísàlẹ̀ sì rọ títí ó fi kú ní 2004. Laura Collett, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣubú ní Tweseldown ní 2013, kò mọ ara rẹ̀ mọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì bàjẹ́. Ó padà sórí ẹṣin, ó sì gba Badminton ní 2022.

Ara ẹṣin

Ẹṣin kò lè sọ pé ó ti tó, nítorí náà àwọn ènìyàn ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un. Nínú àwọn ìdíje ńlá, àwọn adájọ́ àti dókítà ẹran ń wo bí ẹṣin ṣe ń rìn kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún ń wò ó lẹ́yìn cross-country kí wọ́n tó gbà á láyè láti fò nínú ọgbà. Èyí tó bá ń tiro, ilé ni.

Ooru jẹ́ ọ̀tá mìíràn. Àwọn ènìyàn ti gbà tipẹ́ pé omi tútù lè mú kí iṣan ẹṣin gan. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ṣáájú Òlíḿpíìkì Atlanta 1996 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀: kí a máa da omi tútù sí gbogbo ara ẹṣin láìdáwọ́ dúró ni ọ̀nà tó yá jù láti mú ooru rẹ̀ wálẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Athens 2004, wọ́n tún yọ ìrìn ọ̀nà jíjìn àti eré sísá tó máa ń ṣáájú cross-country kúrò. Ó dín iṣẹ́ ẹṣin kù, ṣùgbọ́n àwọn àgbà agẹṣin kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní eré ìṣáájú yẹn ló ń mú ẹṣin balẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ kí agẹṣin mọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà.

Ewu kò tán síbẹ̀. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo, ní oṣù Kẹjọ 2021, ẹṣin Jet Set ti Swítsàlandì fara pa ní iṣan ẹsẹ̀ nígbà tí ipa-ọ̀nà fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, wọ́n sì ní láti fún un ní abẹ́rẹ́ ikú.

Ẹni tó lè gùn, ẹni tó lè dá a dúró

Àjọ FEI, tí ó ń darí eré ẹṣin lágbàáyé, kò gbà kí ẹnikẹ́ni kàn san owó kí ó sì wọ ìpele gíga. Agẹṣin àti ẹṣin gbọ́dọ̀ ti parí àwọn ìdíje tó rẹlẹ̀ pẹ̀lú àbájáde tó dára. Ní Írẹ́lándì, wọ́n tún ń fi àkọsílẹ̀ eré ẹṣin kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣirò ewu tó wà fún un ní ìpele kan. Ẹṣin tí ìṣirò bá fi hàn pé ewu rẹ̀ pọ̀ kò ní lè kópa ní ìpele náà títí yóò fi ṣe dáadáa nísàlẹ̀.

Lórí pápá, alámòójútó wà ní ìdí ìdènà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi rédíò ròyìn ohun tó rí. Bí ẹnì kan bá ṣubú tí kò dìde, wọ́n á fi àsíá dá agẹṣin tó ń bọ̀ lẹ́yìn dúró, a ó sì dá àkókò tó fi dúró padà fún un. Ẹni tó bá ń fipá sáré lórí ẹṣin tó ti rẹ̀, tàbí tó ń wá bá ìdènà ní ìwàǹwára, lè gba máàkì ìjìyà 25 tàbí káàdì òfeefèé, àwọn adájọ́ sì lè dá a dúró lójú ọ̀nà kí ó tó dé ìdènà tó kàn.