August break kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ti ojú ọ̀run pa

Ó tún ti dé o. Lọ́dọọdún, tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé báyìí, ẹnì kan á jókòó, á ní "ẹ fọkàn balẹ̀, August break la wà, òjò kankan ò lè rọ̀." Lọ́dún yìí, àbúrò màmá mi ló kọ́kọ́ fi kàn mí. Wọ́n ní ìnáwó ní Ìbàdàn ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹni tó ń yáni ní kánópì sì ní kí wọ́n fowó díẹ̀ kún un kóun gbé èyí tó ní tapólì lórí wá, wọ́n ní rárá, kó gbé aláṣọ lásán wá, àwọn ò lè fowó ṣòfò lóṣù tí òjò gba hólídè. Òjò gba hólídè! Mo ní "Àǹtí, ta ló fún un?" Wọ́n ní gbogbo ayé ló mọ̀.

Gbogbo ayé mọ ìdajì ẹ̀ ni. Pé òjò máa ń dín kù lásìkò yìí, ta ló ń jiyàn ẹ̀? Ẹni tó bá ti gbé Èkó, Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn rí mọ̀ pé òjò oṣù kẹfà àti ti kẹjọ kì í ṣe ẹgbẹ́, pé tó bá di oṣù kẹsàn-án á tún padà, òun làwọn àgbẹ̀ ń pè ní àrọ̀kúrò, òun ni wọ́n ń dúró dè kí wọ́n tó gbin àgbàdo ẹlẹ́ẹ̀kejì. Téèyàn bá da òjò ọ̀pọ̀ ọdún pọ̀ tó pín in, oṣù kẹfà nìkan ní Èkó á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mílímítà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kẹjọ ò ní tó ìdajì ìyẹn. Ní Kútọnu àti Lomé náà, ti oṣù kẹjọ kì í tó ìdajì ti oṣù kẹfà. Ó tán.

Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ "break" yẹn, torí àwọn èèyàn ti sọ ọ́ di bíi pé ẹnì kan pa ẹ̀rọ omi dé lókè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìta. Ṣé bó ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìyí? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọyẹ́ á fẹ́, ètè á bẹ́, eruku á bo mọ́tò. Ní báyìí àwọsánmà ló bo gbogbo òkè láti àárọ̀ dalẹ́, òtútù ń mú, aṣọ tí mo sá láti Ọjọ́bọ̀ ò tíì gbẹ, gààrí tí wọ́n gbàgbé láti dé lánàá ti rọ̀ bíi pé ẹnì kan wọ́n omi sí i. Omi kún inú afẹ́fẹ́ yẹn fọ́fọ́. Kí ló wá dé tí ò rọ̀? Ibí yìí gan-an ni gbogbo èèyàn máa ń fò kọjá, òun ni mo ṣe fẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹni tí ò bá ní sùúrù kó lọ fi omi mu gààrí.

Àwọsánmà nìkan ò tó fún òjò ńlá. Afẹ́fẹ́ olómi yẹn gbọ́dọ̀ gbóná nísàlẹ̀, kó sì lè gòkè fíofío kó tó di òjò alààrá. Atẹ́gùn méjì ló ń bá ara wọn fà á lórí ilẹ̀ wa, ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ pẹ̀lú omi, ìkejì ń ti aginjù Sàhárà bọ̀ pẹ̀lú eruku. Ààlà tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró sójú kan, oòrùn ló ń tẹ̀ lé. Lóṣù kìíní ó máa ń sún mọ́ etí òkun, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń bá wa nílé. Tó bá di oṣù kẹjọ, ó ti kọjá Sókótó àti Katsina, ó ti wọ ilẹ̀ Niger lọ. Àmọ́ kì í ṣe orí ààlà yẹn gan-an ni òjò ti ń pọ̀ jù o, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni, lápá gúúsù, bí ìrìn ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà mélòó kan. Ìyẹn ni pé ibi tí òjò ti ń pọ̀ jù ti bá ààlà yẹn lọ sápá àríwá, ó fi wá sílẹ̀; nígbà táwa ń pariwo break, oṣù yìí náà ni òjò ń lu Kano jù lọ lọ́dún. Ẹ pe ará yín tó ń gbé ibẹ̀ kẹ́ ẹ sọ fún un pé Nàìjíríà wà ní August break, ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ. Calabar náà ò mọ break kankan.

Òkun tún dá sí i. Láti oṣù keje dé ìkẹsàn-án, omi tútù láti ìsàlẹ̀ òkun máa ń rú sókè létí òkun Côte d'Ivoire àti Ghana, ó máa ń kan Togo àti Benin, àwọn apẹja Ghana mọ̀ ọ́n dáadáa torí ìgbà yẹn ni ẹja máa ń ya wọ inú àwọ̀n. Atẹ́gùn tó bá gba orí omi tútù yẹn kọjá, ìsàlẹ̀ ẹ̀ á tutù, á wúwo, kò ní fẹ́ gòkè mọ́, àwọsánmà ẹ̀ á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, á máa kán wínníwínní. Ó dà bí ìkòkò tí iná abẹ́ ẹ̀ rẹlẹ̀, omi wà nínú ẹ̀, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ṣáà hó. Iná yẹn ò kú o. Tí oòrùn bá yọ dáadáa fún ọjọ́ méjì, tàbí tí ìjì tó ti kóra jọ lápá ìlà oòrùn bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ìkòkò hó nìyẹn.

Ó sì ti hó rí. Ọjọ́ Àìkú, 31 oṣù kẹjọ 1980, omi odò Ògùnpa ya wọ ilé àwọn èèyàn, òun ni wọ́n ń pè ní Omíyalé títí dòní. Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò tó lé ní 180 mílímítà rọ̀ láàárín wákàtí mélòó kan, ó ju ohun tí gbogbo oṣù kẹjọ sábà máa ń rọ̀ lọ, afárá wó, ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ. Méjèèjì, August break. Méjèèjì, Ìbàdàn, ìlú kan náà tí Àǹtí fẹ́ pa kánópì aláṣọ sí.

Mo sọ èyí fún wọn, wọ́n ní "ọdún méjì péré lo rí kà yẹn?" Kí n má parọ́, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó pa kánópì lásán lóṣù kẹjọ mú un jẹ. Àwọn NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, náà máa ń sọ lọ́dọọdún ìgbà tí wọ́n rò pé break á bẹ̀rẹ̀ láwọn ìpínlẹ̀ tó kàn àti iye ọjọ́ tó máa lò, àmọ́ kì í dọ́gba, ọdún mìíì á ti bẹ̀rẹ̀ níparí oṣù keje, ọdún mìíì kò ní ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Kò sẹ́ni tó bá wa kọ ìwé àdéhùn 1 sí 31.

Fóònù mi ní tiẹ̀ kọ ọ́ pé 40% ni àǹfààní pé òjò á rọ̀ ní Sátidé. Ọmọ Àǹtí ní 40 ò tó ààbọ̀, òjò ti fẹ́ìlì nìyẹn. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Bó ṣe rí ni pé tẹ́ ẹ bá rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, òjò á rọ̀ nínú mẹ́rin. Mọ́tò tó ń kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ìrìn mẹ́wàá, ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́ lọ sí Ìlọrin?

N ò wá sọ pé òjò á rọ̀ ní Sátidé o, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó lè má rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó kàn ṣú títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà torí pé ó gbẹ, ẹ kó o kúrò. Ẹ̀yin ará Ìṣẹrì àti Mile 12 ní tiyín, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá ṣí omi ìdídò (dam) Ọ̀yán sílẹ̀ lóṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, omi á dé ọ̀dọ̀ yín bí òjò ò tiẹ̀ kán sórí páànù yín rárá, ẹ tètè gbé ẹrù yín kúrò nílẹ̀.

Àǹtí pè mí lálẹ́ àná. Wọ́n ti san owó tapólì, ẹyọ kan, ibi tí wọ́n ti ń se ìrẹsì nìkan ló wà fún. Mo ní àwọn àlejò ńkọ́? Wọ́n ní àlejò lè sá wọlé, ìrẹsì ò lè sá.